Nọ́ńbà Ogún

Èmi ni mo ka ìwé náà fún un, ojú ewé mọ́kànlá,
nínú yàrá kékeré tó kángun sí ibi ìgbẹ̀jẹ̀ n'Ídìí-Àràbà,
fáànù ń yí bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ.
Bàbá Jìnádù, akọpátákó láti Ìsàlẹ̀-Gàngan,
ń fi ìka tí ọ̀dà ti wọ̀ lára fún ogójì ọdún
tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wọn pákó.
Ó dúró lójú ewé kejì.
"Nọ́ọ̀sì, 'a ó fún yín ní ogun tuntun' ni wọ́n kọ síbí.
Ogun wo? Ti ìbọn?"
Atẹ̀wé ló fo lẹ́tà kan, kò sì fi àmì sí ìyókù.
Mo mú bírò, mo tún un ṣe: oògùn.
Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Méjèèjì náà ni."

Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni tirẹ̀, irú èyí tó ń yọ́ wọlé
bí ayálégbé tí ń sanwó oṣù déédéé
títí àwọn ará ilé rẹ̀ fi kún gbogbo yàrá,
tí onílé ò ríbi dùbúlẹ̀ mọ́.

Mo ṣàlàyé: oògùn àtijọ́ lẹ ó jọ máa lò,
pẹ̀lú hóró funfun kan láràárọ̀.
Nínú hóró àwọn kan, oògùn tuntun wà.
Nínú ti àwọn yòókù, ìyẹ̀fun lásán.
"Dókítà mọ èyí tí wọ́n máa fún mi?"
Kò mọ̀.
"Ìwọ ńkọ́?"
N kò mọ̀, bàbá.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Láti ìgbà tí mo ti ń wá sílé ìwòsàn,
ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbà pé ẹ ò mọ̀."
Ó buwọ́ lùwé, kì í ṣe bí aláìsàn ṣe ń fà á:
lẹ́tà gàdàgbà, òjìji lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan,
J tí ìrù rẹ̀ ká bí ìwọ̀ ẹja.
Kọ̀ǹpútà ò mọ Jìnádù. Nọ́ńbà ogún ló mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, bí mo ti ń wá iṣan lápá rẹ̀,
ó bi mí bóyá epo bẹntiróòlù
tó fi ń fọ ọwọ́ lálaalẹ́ ló fà á.
Àpótí kékeré kan wà fún ìyẹn nínú ìwé wa.
Mo sàmì sí i. Èsì kò sí nínú àpótí.

Ọjọ́bọ̀ méjì-méjì, ìgò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta:
mo gbé wọn sínú kúlà, mo sáré kọjá jẹnẹrétọ̀
kí yìnyín tó yọ́.
Loṣù kẹrin, iye sẹ́ẹ̀lì funfun já wálẹ̀.
Bàbá kọ pátákó tuntun fún onígbàjámọ̀ kan l'Ófin,
ó ya fọ́tò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi.
Loṣù keje, ó gòkè. Mo kọ ọ́ bí mo ti rí i,
ìwádìí ò fẹ́ kí ọwọ́ ẹni ṣàánú.

Ọjọ́ Ajé tí òjò ń rọ̀ ni Sàdíátù, ọmọ rẹ̀, wọlé,
ìbòrí rẹ̀ ń kán tótó sórí tábìlì mi.
"Wọ́n ní ká dá hóró tó kù padà.
Mẹ́rìnlá ni. Mo kà á."
Mo kà á. Mẹ́rìnlá ni.
"Ṣé tuntun ni wọ́n fún un, àbí ìyẹ̀fun?"
Mo ní kò tíì sẹ́ni tó mọ̀, àfi tí èèyàn igba bá parí.
Ó wo ìwé, ó wo kúlà.
"Kí ni bàbá mi wá fi sílẹ̀ níbí?"
Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i.
Ó kà á jáde fúnra rẹ̀, ó rọra kà á: ogún.

Ẹlòmíì ti jókòó, ó ń mí gúlegúle.
Mo ṣí ìwé mìíràn. Lójú ewé kejì,
wọn ò tíì tún un tẹ̀.
Bírò wà lọ́wọ́ mi.